Òṣómàáló Ò Sí Nínú Tẹlifíṣọ̀n

Òṣómàáló ni bàbá bàbá mi. Ẹni tí kì í bá ṣe Ìjẹ̀ṣà lè má mọ irú iṣẹ́ tí ìyẹn jẹ́. Aṣọ ni wọ́n ń tà. Wọ́n á ru ẹrù aṣọ kúrò ní Iléṣà, wọ́n á ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn, ní Èkìtì, ní Oǹdó, wọ́n á máa tà á láwìn. Ẹni tó rà á á san díẹ̀, á sì dá ọjọ́ tó máa san ìyókù. Bí ọjọ́ bá pé tí onígbèsè ní owó ò tíì sí, Bàbá á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. "Òṣó ni màá ló títí n ó fi gbowó mi." Wọn ò ní jà, wọn ò ní gba àga, wọn ò ní gba omi mu. Ibẹ̀ ni orúkọ iṣẹ́ náà ti wá.

Nígbà tí mo fi máa gbọ́njú, ẹsẹ̀ ò gbé wọn rìn ìrìn àjò mọ́, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń gbé ní Ìsọ̀kùn. Akọ̀wé ni bàbá tó bí mi, wọ́n sì ra tẹlifíṣọ̀n kékeré kan tí kì í gbé àwọ̀ jáde. Ìgbà yẹn ni NTA ń ṣe Basi and Company, eré apanilẹ́rìn-ín tí Ken Saro-Wiwa kọ, tó bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1980. Gbogbo ọmọ àdúgbò ló ń kún pálọ̀ wa. Basi ò níṣẹ́ gidi kan lọ́wọ́, Èkó ló ń gbé, ojoojúmọ́ ló sì ń pète bó ṣe máa di mílíọ́níà. A máa ń rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wa.

Bàbá kì í rẹ́rìn-ín. Ìbéèrè ni tiwọn. "Iṣẹ́ wo ni eléyìí ń ṣe? Èló ni wọ́n ń san fún un? Ta ló sanwó àga tó jókòó lé yẹn?" Inú máa ń bí wa nítorí ohùn wọn ń bo ohùn eré mọ́lẹ̀. Àfi bí Madam, obìnrin tó ni ilé tí Basi ń gbé, bá wọlé wá gba owó ilé rẹ̀. Ìgbà náà ni Bàbá á gbé orí sókè. "Obìnrin yìí mọ iṣẹ́. Ẹ wò ó bó ṣe dúró." Nínú gbogbo èèyàn tó wà nínú tẹlifíṣọ̀n, òun nìkan ni mo rí tí wọ́n fẹ́ràn.

Bàbá kú ní 1991. Mo gbàgbé ìbéèrè wọn fún ọdún mẹ́tàdínlógún gbáko.

Ní 2008, èmi ni mo ń ṣètò owó ní ilé-ìwé aládàáni kan níbí ní Iléṣà, ohun tí wọ́n ń pè ní bọ́sà. Tísà ìṣirò ni Bàbá Tólú, ọkọ mi, ní ilé-ìwé mìíràn. Tèmi jẹ́ 22,000 náírà lóṣù, tiẹ̀ jẹ́ 19,000. Nígbà yẹn owó náà ṣì lè dúró lọ́wọ́ èèyàn díẹ̀. Ìgbà tó yá, ní 2011, ni ìjọba àpapọ̀ sọ owó oṣù tó kéré jù lọ di 18,000, nítorí náà a kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń káàánú. A kàwé, a ń gba owó oṣù, a ní ọmọ kan ní nọ́sìrì. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé irú èèyàn wo ni wá, màá ní a wà láàárín.

Lálẹ́, tí a bá ti tan jẹnẹrétọ̀ kékeré wa fún wákàtí méjì, eré àwàdà Amẹ́ríkà ni a máa ń wò lórí àwo tí wọ́n ń tà nínú ọjà, èyí tí eré ọdún púpọ̀ máa ń wà nínú ẹyọ kan. A wo Friends, tí wọ́n ṣe láti 1994 sí 2004. A wo My Wife and Kids, nípa Michael Kyle tó ní ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù. Kì í ṣe ẹ̀rín nìkan ni mo ń wò. Ilé ìdáná Monica wọ̀ mí lójú: ògiri aláwọ̀ àlùkò yẹn, ààyè tó fẹ̀, fèrèsé ńlá inú pálọ̀ rẹ̀. Monica kì í ṣe ọmọ olówó tó ń jókòó jẹun. Alásè ni, ó ń gba owó oṣù bíi tèmi. Rachel tí wọ́n jọ ń gbé, kọfí ló ń gbé fún oníbàárà ní àwọn ọdún ìbẹ̀rẹ̀. Mo wá sọ fún ara mi pé bí alásè àti ẹni tó ń gbé kọfí bá lè gbé irú ibẹ̀, kí ló ń ṣe bọ́sà àti tísà?

A kó kúrò nínú yàrá méjì tí a ń gbé ní Adétí, a gba ilé oníyàrá mẹ́ta, 60,000 lọ́dún. Mo lọ bá ìyá kan tó ń ta ohun èlò ilé lẹ́bàá ọjà Atakúnmọ̀sà. Ìyá Ìbejì ni gbogbo èèyàn ń pè wọ́n. Àga tìmùtìmù odindi sẹ́ẹ̀tì kan, 75,000. Fíríìjì tòkunbọ̀, 48,000. Mo san 30,000 lọ́wọ́, a sì jọ sọ ọ́ pé màá máa san 10,000 lóṣooṣù. Iṣẹ́ owó ni iṣẹ́ mi. Mo lè ṣírò owó ilé-ìwé ọgọ́rùn-ún mẹ́ta ọmọ láìwo ìwé, ṣùgbọ́n mi ò ṣírò tèmi. Ká yọ owó ilé, ká yọ ti Ìyá Ìbejì, ká yọ 5,000 tí à ń san nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, 21,000 ló kù fún oúnjẹ, owó ọkọ̀, owó ilé-ìwé Tólú, epo jẹnẹrétọ̀, àti ìyá mi tó wà nílé. Ìyẹn, bí owó oṣù bá ń wọlé.

Oṣù mẹ́ta ni mo san. Ní January 2009, ẹni tó ni ilé-ìwé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ pè wá jọ, ó ní àwọn òbí ò tíì sanwó, ká fara dà á. A fara dà á fún oṣù mẹ́rin. Ó san oṣù méjì padà nígbà tó yá. Oṣù méjì yòókù, mi ò rí i títí di òní.

Ìyá Ìbejì wá ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kẹta. Iná ò sí. Mo ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Wọn ò pariwo rárá. Wọ́n kí mi, wọ́n kí Bàbá Tólú, wọ́n béèrè àlàáfíà ọmọ. Wọ́n wá tún ìró wọn ró, wọ́n sì jókòó sórí àga tí wọ́n tà fún wa. Mi ò tíì ṣí ọ̀rá tó wà lára àga náà, nítorí mi ò fẹ́ kó tètè dọ̀tí. Bí wọ́n bá ti mira báyìí, ọ̀rá náà á dún.

"Ìyá Tólú, ìjà kọ́ ni mo bá wá. Mo kàn máa jókòó ni."

Agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ ni. A ò lè jáde, a ò lè jẹun. Bàbá Tólú bẹ̀rẹ̀ sí í máàkì ìwé àwọn ọmọ ilé-ìwé, mo sì rí i pé ojú ìwé kan náà ló wà fún wákàtí kan. Èmi ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, mò ń sọ̀rọ̀ owó epo pupa. Wọ́n ń dá mi lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n wọn ò dìde. Nígbà tó di ọ̀sán, Tólú, ọmọ ọdún márùn-ún, bu omi sínú ife, ó kúnlẹ̀, ó gbé e fún wọn. Wọ́n fi ọwọ́ pa á lórí. Wọ́n ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Gbé e padà, òùngbẹ ò gbẹ mí."

Ìgbà tí wọ́n kọ omi yẹn ni ara mi gbọ̀n. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ìtàn Bàbá, ẹ̀yìn Bàbá ni mo sì máa ń dúró sí nínú ìtàn náà. Mi ò rò ó rí bó ṣe rí fún ẹni tó wà nínú ilé. Mi ò mọ̀ pé gbogbo nǹkan inú ilé á di ti àlejò, tó fi mọ́ afẹ́fẹ́ tí èèyàn ń mí. Agogo mẹ́rin kọjá kí wọ́n tó lọ. Wọ́n ní àwọn á tún wá lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀. Wọ́n sì wá.

Fíríìjì ni wọ́n kọ́kọ́ gbà padà, wọ́n kà á sí 35,000. Ọ̀dọ́mọkùnrin méjì ló gbé e sórí ọmọlanke, ibi tó dúró sí tẹ́lẹ̀ sì funfun kalẹ̀ lójú sìmẹ́ǹtì. 28,000 tó kù, díẹ̀díẹ̀ ni mo san án tán, ní February 2010. Mi ò bínú sí Ìyá Ìbejì nígbà yẹn, mi ò bínú sí wọn báyìí. Ọjà wọn ni mo gbé, owó wọn ni wọ́n wá gbà, wọn ò sì sọ̀rọ̀ àbùkù kan sí mi níwájú ọmọ mi.

Láàárín àkókò yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìbéèrè Bàbá. Ìrọ̀lẹ́ kan, Bàbá Tólú mú ìwé àkọsílẹ̀ ilé-ìwé kan, ó fa ìlà sí i: orúkọ, iṣẹ́, owó tó ń wọlé, owó ilé, ẹni tó ń sanwó. Bí a bá ti ń wo eré kan, a ó máa kọ ọ́ sí i. Kì í ṣe eré ni a fi í ṣe. Àwa méjèèjì fẹ́ mọ ibi tí ọ̀nà wa ti yà kúrò lára tiwọn.

Monica ni a kọ́kọ́ kọ. Àṣé wọ́n sọ ìdí rẹ̀ nínú eré náà, èmi ni mi ò gbọ́. Ìyá àgbà rẹ̀ ló ń gbé ilé náà tẹ́lẹ̀, orúkọ ìyá náà ló ṣì wà nínú ìwé ilé, owó ilé àtijọ́ ni wọ́n sì ń san, nítorí òfin wà ní New York tí kì í jẹ́ kí onílé kàn fowó lé irú ilé bẹ́ẹ̀ bó ṣe wù ú. Ogún ni ilé ìdáná tó wọ̀ mí lójú yẹn. Owó oṣù alásè kọ́ ló gbà á. Mo wo Bàbá Tólú, ó wo èmi náà. Gbólóhùn kan péré ni wọ́n fi sọ ọ́, òun ni mo sì nílò jù nínú gbogbo eré ọdún mẹ́wàá.

Ìpín kan tún wà tí wọ́n gbé jáde ní 1995, tí mo ti wò ní ìgbà púpọ̀. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ jẹun níta. Mẹ́ta nínú wọn ń gba owó tó dáa: Ross, Chandler, Monica. Mẹ́ta yòókù ò ní: Rachel, Joey, Phoebe. Àwọn tí ò ní ń wá ohun tó kéré jù nínú ìwé oúnjẹ, ewébẹ̀ díẹ̀, ọbẹ̀ inú ife. Nígbà tí owó dé, Ross pín in dọ́gba láàárín wọn. Phoebe ní rárá, òun ò san án. Ilé wa dákẹ́ nígbà tí a wò ó dé ibẹ̀. Ṣé ẹ rí i, aṣọ ẹbí nìyẹn. Àwọn tó lówó lọ́wọ́ nínú ẹgbẹ́ á mú aṣọ, wọ́n á dá iye lé e, ẹni tí ò ní á wá lọ yáwó sọ́gùndógójì kó má bàa dá yàtọ̀ nínú fọ́tò. Mo ti rà tó mẹ́fà lọ́dún kan rí. Kò sẹ́ni tó fipá mú mi. Mi ò kàn lè la ẹnu mi kí n ní owó mi ò tó o.

The Cosby Show, ìṣirò tiwọn bára mu: ọkọ jẹ́ dókítà tó ń gbẹ̀bí, ìyàwó jẹ́ lọ́yà, wọ́n ní ilé ní Brooklyn. A kọ ọ́, a ṣí ìwé síwájú.

The Simpsons ló dùn wá jù, èyí tí wọ́n yà ní àwòrán. Iléeṣẹ́ iná mànàmáná ni Homer ń bá ṣiṣẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ò ṣiṣẹ́ oṣù, ọmọ mẹ́ta, ilé alájà kan, ọkọ̀ méjì. Ní 1997 wọ́n mú ọkùnrin kan wọnú eré náà, Frank Grimes, tí ìyà ti jẹ láti kékeré, tó ń ṣiṣẹ́ bí ẹrú. Homer pè é wá jẹun nílé. Ọkùnrin náà dúró, ó wo ilé yíká, ó wo edé ńlá (lobster) tó wà lórí tábìlì, ó sì ń béèrè bó ṣe rí bẹ́ẹ̀. Òun ń gbé yàrá kan ṣoṣo láàárín gbọ̀ngàn méjì tí wọ́n ti ń yí bọ́ọ̀lù nílẹ̀ (bowling), ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Bàbá Tólú pa ìwé náà dé. Ó ní, "Èmi nìyẹn." Ó lọ sùn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo mọ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan ni ìtìjú àga yẹn ń jẹ.

Nígbà tí Everybody Hates Chris dé ọwọ́ wa, mo sunkún nítorí Bàbá ò sí láyé. Julius, bàbá inú eré náà, iṣẹ́ méjì ló ń ṣe, ó sì mọ iye gbogbo nǹkan. Bí wàrà bá dànù sórí tábìlì, ó máa sọ iye kọ́bọ̀ tó dànù. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín pé ahun ni. Ahun kọ́. Ẹni tó ń sanwó ni. Ìgbéyàwó mi ti pé ọdún mélòó kan kí n tó rí ọkùnrin kan nínú tẹlifíṣọ̀n tí ó rẹ̀ nítorí iṣẹ́, tó ń sùn lọ́sàn-án nítorí pé ó máa jáde lóru.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó pẹ́ kó tó wá sí mi lọ́kàn. Ìbéèrè Bàbá, "ta ló sanwó," ó yẹ kí n bi ara mi nípa àwo tí mo fi ń wo eré. 150 náírà ni mo ń ra ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ayédèrú ni gbogbo rẹ̀. Ọmọ Iléṣà sì ni mí, ìlú Baba Sala. Kò sí Ìjẹ̀ṣà kan tí kò mọ Moses Olaiya Adejumo, pẹ̀lú táì ńlá tó dà bí labalábá, awò ojú tí kò ní gíláàsì, àti agogo orí tábìlì tó so mọ́ra dípò agogo ọwọ́. Láti ìgbà tẹlifíṣọ̀n ìjọba Ìwọ̀-oòrùn ní Ìbàdàn, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1959, òun àti àwọn Aláwàdà rẹ̀ ti ń pa ilẹ̀ Yorùbá lẹ́rìn-ín. Ní 1982 ó kó owó ńlá, tó fi mọ́ owó tó yá, sínú fíìmù Ọ̀run Mooru. Àwọn tó ń ṣe ayédèrú jí i, wọ́n ń tà á lórí kásẹ́ẹ̀tì káàkiri, gbèsè sì wọ ọkùnrin náà lọ́rùn. Kò bọ́ nínú rẹ̀ bọ̀rọ̀.

Mo rántí kásẹ́ẹ̀tì yẹn. Ó wà nílé wa ní Ìsọ̀kùn nígbà tí bàbá mi ra fídíò. Kò ní ìwé kankan lára, bírò ni wọ́n fi kọ orúkọ rẹ̀. A wò ó títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í já. Bàbá tó máa ń béèrè ẹni tó sanwó àga Basi jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú wa, a jọ rẹ́rìn-ín, ẹnikẹ́ni nínú wa ò béèrè ẹni tó sanwó fún Baba Sala, ọmọ ìlú wa, tí à ń kí ní ìta. Bó bá jẹ́ pé ó lè wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà gbogbo ilé tí kásẹ́ẹ̀tì yẹn wà, bóyá ibi tó máa kọ́kọ́ dé ni tiwa. Ó kú sí Iléṣà níbí ní October 7, 2018. Ọjọ́ tí mo gbọ́, mo kó àwo tó kù nílé jọ, mi ò sì ra irú rẹ̀ mọ́. Mo mọ̀ pé kò san gbèsè kankan fún un.

Tólú ti wà ní yunifásítì ní Ifẹ̀ báyìí. Lẹ́yìn tí ìjọba sọ owó oṣù tó kéré jù lọ di 70,000 ní 2024, ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ ń gbé ní Làgéèrè fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọ́n sì ti mú léèsì, 35,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ má bínú, ṣé ẹ lè fi ránṣẹ́?"

Mo bi í iye tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ fún oṣù náà. Ó ní 18,000. Mo ní kó lọ sọ iye yẹn fún wọn, bó ṣe rí gan-an, kó má fi kún un, kó má yọ kúrò. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Mo ń gbọ́ ohùn àwọn ọmọ mìíràn lẹ́yìn rẹ̀ àti ohùn jẹnẹrétọ̀. Èmi náà mọ bó ṣe nira tó, nítorí náà mi ò yára bá a sọ̀rọ̀.

Ó pè padà lọ́jọ́ kejì. Ó ní òun sọ ọ́ nígbà tí wọ́n ń jẹun lọ́wọ́. Ó ní ẹnì kan kọ́kọ́ fojú wo ilẹ̀, ìgbà tó yá ó ní owó òun náà ò tó, òun ti ń ronú láti yá a. Ẹlòmíràn náà sọ tiẹ̀. Àǹkárá ni wọ́n rà níkẹyìn, 7,000, ọmọ tó ń ṣe ìgbéyàwó náà ló lọ yàn án lọ́jà. Tólú fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Aláwọ̀ àlùkò ni.